Àlejò Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

Ẹni mẹ́ta ni àwọn aládùúgbò wa ní Ugborikoko lẹ́bàá Warri ń kà sí ilé wa: èmi Adùnọlá, ọkọ mi Dúrósinmí, àti ìyá rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Wọn ò kà á dáadáa. Ẹni mẹ́rin ni wá. Ẹni kẹrin kì í jẹun lójú ẹnikẹ́ni, kì í sì í dá owó iná, ṣùgbọ́n òun ló ń pàṣẹ fún wa. Nítorí rẹ̀ la ṣe ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí oòrùn bá ti kan àtàrí. Nítorí rẹ̀ ni a kì í fi í pe orúkọ ara wa láti yàrá kan sí èkejì. Tí o bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, wàá dìde lọ bá a ni. Tí ilẹ̀kùn bá ṣàdédé gbá, Màmá á gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, á ní, "O tún dé, aláìnítìjú," á sì máa ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Àbíkú ni ẹni kẹrin wa. Ọmọ Màmá ni. Bí Màmá ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé nígbà tí òun àti ọkọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Warri láti Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń ta gàrí àti ẹja gbígbẹ ní ọjà Pessu, ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ òun bí ẹni tó yà sí ìsọ̀ láìfẹ́ ra nǹkan. Ó wá bí ọkùnrin, ó lọ. Ó wá bí obìnrin, ó lọ. Ìgbà mìíràn kì í tiẹ̀ dúró kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ìgbà kan sì wà tó rìn, tó ti ń pe ìyá rẹ̀, kó tó lọ. Ìgbà méje ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú kan náà ló sì máa ń gbé wá. Màmá lè fi Bíbélì búra lórí ìyẹn: ẹyinjú tó jìnnà síra, àgbọ̀n tín-ín-rín, etí tó wà nísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó sú Màmá, ó fi abẹ gé etí òkú rẹ̀, ó fi ọwọ̀ nà án, ó ní kó lọ fi ara náà han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run. Lẹ́yìn ìyẹn ló bí ọkọ mi. Ojú tirẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Dúrósinmí kó lè dúró sin ìyá rẹ̀, ó sì dúró. Ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté báyìí, ó ti lé lógójì ọdún, ó sì ń hanrun bíi jẹnẹrétọ̀.

Ṣùgbọ́n Màmá ní èyí tí òun lé jáde kò lọ jìnnà. Ó ń rìn yí ilé ká láti ọdún yẹn wá, ó ń wá ibi tó máa gbà wọlé.

Ní tèmi, mi ò gbà á gbọ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, mo kàwé nípa ẹja, mo sì ní ibi tí mo ti ń mú kí ẹyin ẹja àrọ̀ pa, tí mo ń ta ọmọ wọn. Mo máa ń fi Màmá rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Ìyá Ìjọ ni í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ló ń gbé ọwọ́ lé ikùn àwọn aboyún, síbẹ̀ ó ń bá ilẹ̀kùn jà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tó ti rí ìyà jù ni. Lẹ́yìn náà ni tèmi bẹ̀rẹ̀.

Oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́, ìkejì náà bàjẹ́. Ìkẹta dúró, mo sì bí ọmọbìnrin. Kò lè fa ọmú dáadáa. Ẹkún rẹ̀ tín-ín-rín, ó rí bí ìgbà tí ọmọ ológbò bá há sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹyinjú rẹ̀ jìnnà síra. Mo ti rí i kí Màmá tó wọ yàrá, mo kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kí Màmá má rí i ni. Màmá ká aṣọ kúrò lójú ọmọ náà, ó wò ó títí, ó ní, "Ìwọ nìyí." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó pàdé ọ̀tá àtijọ́ lọ́jà, tó ti rẹ̀ ẹ́ láti jà.

Ọmọ náà kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Àwọn ènìyàn wa wá kí mi, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọ́n ní kí n má sunkún, pé tó bá rí mi tí mò ń sunkún, inú rẹ̀ á dùn, á sì tún padà wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn nìyẹn, mo mọ̀, kò sí ẹni tó gbèrò ibi nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú débi pé mo kọjú sí ògiri. Mo sọ pé ọmọ tí mo gbé títí tí mo fi bí i kì í ṣe omi. Àwọn obìnrin àdúgbò tí wọn kì í ṣe Yorùbá kàn jókòó tì mí, wọ́n ń sọ pé, "Sorry, my sister, sorry," tiwọn sì rọ̀ mí lọ́rùn jù.

Màmá ló gbé òkú náà lọ sẹ́yìn ilé láti wẹ̀ ẹ́. Mo dìde, mo fi ọwọ́ ti ògiri tẹ̀lé e. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Ó ti gé etí ọ̀tún ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde. Mi ò pariwo, mo padà sórí ibùsùn, láti ọjọ́ yẹn ni mo sì ti kórìíra ìyá ọkọ mi. Bó ṣe rí gan-an ni mo ṣe sọ ọ́ yẹn.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Níbi iṣẹ́ mi, ní ọ̀sán gangan, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi bá ń kùn, mo máa ń gbọ́ ẹkún tín-ín-rín yẹn lábẹ́ ìró rẹ̀. Mo máa ń pa ẹ̀rọ náà, á dákẹ́. Tí mo bá tún tàn án, á tún bẹ̀rẹ̀. Levi, ọkùnrin ará Isoko tó ń bá mi ṣiṣẹ́, á dúró máa wò mí, á ní, "Madam, abeg on am. This fish go die o." Mo máa ń tàn án nítorí ẹja, màá sì lọ dúró sí ojú títì títí tí àwọn ọ̀kadà á fi bo ohùn náà mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo tún lóyún, mi ò lọ bá Màmá fún àdúrà. Mo lọ bá Dókítà Omatsola, obìnrin Itsekiri kan tí kì í kánjú. Ó bi mí ní ìbéèrè púpọ̀ nípa ọmọ tó kú, ó wá bi mí bó ṣe máa ń sunkún. Mo ní bí ọmọ ológbò ni. Ó gbé báírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí n lọ mú ọkọ mi wá, ó gba ẹ̀jẹ̀ wa méjèèjì, ó fi ránṣẹ́ sí Èkó. Tèmi dé, kò sí àléébù. Ti Dúrósinmí dé, Dókítà sì ti ilẹ̀kùn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

Ó ní nínú ara ènìyàn ni àwọn okùn kéékèèké kan wà tí ojú lásán ò lè rí, lára wọn ni gbogbo ìlànà bí a ó ṣe dá wa wà. Kírómósómù ni wọ́n ń pè é nílé ìwé, ṣùgbọ́n okùn náà dára fún un. Méjì-méjì ni wọ́n, ọ̀kan láti ara bàbá, ọ̀kan láti ara ìyá. Bóyá wọ́n á ṣiṣẹ́ tàbí wọn ò ní ṣiṣẹ́ dá lórí kí iye wọn ṣe déédéé. Ti ọkọ mi, orí okùn kan ti já, ó ti lọ so mọ́ òmíràn, ti òmíràn náà sì ti wá so mọ́ ọn. Wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ni. Dúrósinmí wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ó lè rí i níbẹ̀, ó béèrè pé ṣé òun ń ṣàìsàn ni. Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Oga, your own complete. Nothing lost, nothing add. Na when you wan share am give pikin, na there the wahala dey."

Ó yé mi nítorí ẹja. Ní ibi iṣẹ́ mi, a máa ń ṣe oríṣi ẹja àrọ̀ kan tó máa ń tóbi, tí kì í bímọ. Ẹyin abo ní ìdì okùn kan tó yẹ kó jù nù lẹ́yìn tó bá ti gba ti akọ. Tí a bá ti ẹyin náà bọ omi yìnyín lásìkò rẹ̀ gan-an, òtútù á mú un, kò ní lè jù ú nù mọ́. Ìdì mẹ́ta ló máa wà lára ẹja bẹ́ẹ̀ dípò méjì, síbẹ̀ á máa jẹun, á máa lúwẹ̀ẹ́, kò ní mọ̀ pé ohun kan ṣe òun, nítorí pé gbogbo nǹkan ló lé, wọ́n sì jọ lé pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí yìnyín náà bá bọ́ sí àsìkò tí kò tọ́, àwọn kan á jáde tó jẹ́ pé okùn kan ló lé lára wọn tàbí ìlàjì okùn ló dín. Àwọn yẹn ni ẹ̀yìn wọn máa ń ká. Wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́ yípo ojú kan náà títí wọ́n á fi rì.

Olùkọ́ wa nílé ìwé fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé láyé àtijọ́ tí ènìyàn ò tíì sí, gbogbo ohun tó wà lára àwọn baba ńlá ẹja di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì kú nítorí pé kò sí ohun tó ju èkejì rẹ̀ lọ. Èyí àkọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ, àfikún rẹ̀ sì ráyè kọ́ṣẹ́ mìíràn, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà tuntun fi ń yọ jáde. Ó ní ara lè gba àlékún tó kárí. Àlékún tó bá bọ́ sí ojú kan ni kì í gbà. Nígbà yẹn, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ìdánwò ni.

Mo bi Dókítà nípa ojú kan náà tí Màmá ń sọ. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara Màmá ni Dúrósinmí ti jogún pàṣípààrọ̀ yìí, tàbí ara bàbá rẹ̀ tó ti kú, pé kò dá òun lójú nípa gbogbo ọmọ méjèèje nítorí pé ibà pẹ̀lú máa ń pa ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ojú wọn jọra yẹn, ohun kan náà ló dín lára wọn, ohun kan náà ló lé, ìyẹn ló sì fi ojú kan náà fún wọn. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹnì kan. Mo tún un bi í, ó tún un sọ fún mi. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó. Kò sí àlejò kankan nínú ilé wa, kò sí ẹni tó gba ara mi wọlé.

Ó kù kí a mọ èyí tó wà nínú mi. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú omi tó yí ọmọ náà ká, àwa sì ń retí èsì. Ní gbogbo àsìkò yẹn, mi ò gbé ọwọ́ lé ikùn mi. Nígbà tí èsì dé, Dókítà ní ọmọkùnrin ni, ó sì gbé pàṣípààrọ̀ náà bí bàbá rẹ̀ ṣe gbé e: ó pé. Ọjọ́ kan á fẹ́ ìyàwó, òun náà á wá mọ ohun tó wà lára òun, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ pé. Mo jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo sunkún, àwọn nọ́ọ̀sì ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń padà bọ̀, Dúrósinmí ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ àwọn okùn yìí fún ìyá òun. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní Màmá ti dàgbà. Mo ní ṣé torí pé ọ̀dọ̀ yín ló ti wá ni, tí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe ọ̀nà tí àbíkú gbà wọlé? Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sọ bó ṣe jẹ́. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni ọkọ mi, ọ̀rọ̀ ò yá lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti gbọ́. Mi ò sọ fún un pé màá ṣe é.

Ká ní Màmá dákẹ́ ni, bóyá èmi náà ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ikùn mi ṣe ń yọ ni Màmá ń múra. Ó lọ sí Pessu, ó ra abẹ tuntun tó ṣì wà nínú bébà rẹ̀, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ Bíbélì rẹ̀. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí òun ò ní dúró dìgbà tó bá kú. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí i gan-an ni òun á gé e létí, ní ààyè, kó lè mọ̀ pé a ti mọ ẹni tó jẹ́. Ó ti mú orúkọ pa mọ́ fún un pẹ̀lú: Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ fún un. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mò ń jà fún. Mo fẹ́ kí ọmọ mi wá sáyé bí ẹni tuntun. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbà á bí olè tí ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mò ń gún ẹyìn fún ọbẹ̀ bánga ní ilé ìdáná. Màmá wọlé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé mi níkùn láìtọrọ ààyè. Ọmọ náà ta. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá ikùn mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀bú rẹ̀ tó máa ń jáde tí inú bá ń bí i. Ó ní, "Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ. Ta á dáadáa. Abẹ ti wà nílẹ̀."

Mo ju ọmọ odó sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún un nípa okùn, nípa pàṣípààrọ̀, nípa ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí Èkó. Nígbà tó ní òun ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ, mo nawọ́ sí ìkòkò. Mo ní tí mo bá sọ omi ẹyìn, iyọ̀, ata, edé, gbogbo rẹ̀ pátá, di ìlọ́po méjì, ṣé ọbẹ̀ kọ́ ni? Ó ní ọbẹ̀ ni. Mo ní tí mo bá wá sọ iyọ̀ nìkan di ìlọ́po méjì ńkọ́, tí mo sì yọ ìdajì omi rẹ̀? Ó ní ta ló máa jẹ ẹ́. Mo ní bí wọ́n ṣe se àwọn ọmọ yẹn nìyẹn, láti inú ara yín tàbí ti Bàbá, kì í ṣe láti inú ara tèmi. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ lọ́run. Wọn ò fẹ́ lọ. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́, mo sì fẹ́ kó fọ́. Mo fẹ́ kó dùn ún bí ó ṣe dùn mí ní ẹ̀yìn ilé.

Màmá jókòó sórí àpótí ìdáná. Omi ẹyìn bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

"Ojú kan náà ni, Adùnọlá," ló wí. Kò pè mí lórúkọ rí, ìyàwó ló máa ń pè mí.

"Ohun kan náà ló ṣe wọ́n, Màmá. Ìyẹn ni ojú wọn ṣe jọra."

"Kì í ṣe ẹyọ kan."

"Rárá o. Ọmọ méje ni."

Ó ń fi àtàǹpàkò ọwọ́ rẹ̀ ra àtẹ́lẹwọ́ kejì. "Èyí tí mo gé létí yẹn," ló sọ, "tí mo nà. Ṣé kò wá rí kó tó dìgbà yẹn?"

Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mo ṣe.

"Kò wá rí, Màmá. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Nígbà tí ọkọ mi dé láti èbúté, Màmá ṣì wà lórí àpótí náà. Dúrósinmí wo ojú ìyá rẹ̀, ó wá wo èmi. Ó fà mí jáde sí ẹ̀yìn ilé. Mo rò pé ó máa bínú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ní, "Ọmọ kan ni Màmá pàdánù láti ọjọ́ yìí, ọmọ burúkú kan. Bó ṣe rọrùn fún wọn láti gbé ayé nìyẹn. Ìwọ ti wá sọ ọ́ di méje."

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò bú ilẹ̀kùn mọ́. Mo rò pé ilé wa á wá dákẹ́, pé ẹni mẹ́ta tí aládùúgbò ń kà á wá jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ilé náà kún. Màmá á jókòó ní pálọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀kan wà tí kì í mu ẹ̀kọ, tó máa ń tu ú sí òun láyà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn òun nìkan ló ti ń sùn, láàárín ariwo Pessu, tó bá ti dé ilé tó dákẹ́, á jí. Ọ̀kan mú irun orí wá láti ọ̀run. Èyí tó rìn, ó máa ń di etí ìró òun mú, tí òun bá ń wọn gàrí fún oníbàárà. Ó ti pò wọ́n pọ̀ sínú ẹnì kan fún bí ogójì ọdún, ó wá ń yọ wọ́n kúrò lára ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tú irun dídì. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣì wọ́n mú, á ní rárá, kì í ṣe òun, ìkejì rẹ̀ ni, á wá bẹ̀bẹ̀. Ó ń bẹ ọmọ.

Ó ní kí Dúrósinmí gbé òun lọ sí ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Wọn kì í sin àbíkú sí ilé, bàbá Dúrósinmí ló gbé wọn lọ sínú igbó kan lẹ́bàá odò lẹ́yìn Pessu, Màmá ò sì tẹ̀lé e rí, kò béèrè ibi tó jẹ́. A lọ síbẹ̀. Wọ́n ti fi yanrìn dí gbogbo rẹ̀, wọ́n ti kọ́ ilé ìkẹ́rù sí i, àwọn alábàárù ń pariwo kọjá pẹ̀lú àpò ìrẹsì lórí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mama, commot for road." Màmá kúrò lójú ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀ sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì, kò mọ ibi tí òun máa kọjú sí.

Níbi iṣẹ́, ohun tí mò ń gbọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, ohùn kan ni. Mo ti wá ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbà á lẹ́nu ara wọn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Mo kàwé, mo mọ̀. Ẹ̀rù sì ń bà mí.

Mo bí ọmọ náà ní ilé ìwòsàn, ẹkún rẹ̀ gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Ẹyinjú rẹ̀ sún mọ́ra, àgbọ̀n rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ̀. Màmá ti ju abẹ yẹn sí ihò ṣáláńgá kí a tó kúrò nílé. Mo gbé ọmọ sí i, tinútinú mi ni mo fi gbé e sí i, ìkórìíra tí mo ní sí i ti tán lára mi, mi ò tiẹ̀ mọ ọjọ́ tó tán. Màmá kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Ó wo ọmọ náà, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe ọwọ́ yìí." Mo bẹ̀ ẹ́, Dúrósinmí bẹ̀ ẹ́. Kò gbé e.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Pásítọ̀ àti àwọn ará ìjọ kún pálọ̀ wa, àwọn ará àdúgbò dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olúwaṣèyífúnmi ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, gbogbo ènìyàn sì ṣe àmín. Bó ṣe máa ń rí ni pé àwọn àgbà á fún ọmọ ní orúkọ tiwọn náà. Pásítọ̀ ní ó kan Ìyá Ìjọ. Màmá dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú. Ó pe Ọlágbénró. Pásítọ̀ tún un pè, a ní àmín. Ó pe Ìyádùnní. Pásítọ̀ dúró, ó wo bàbá ọmọ, nítorí orúkọ obìnrin ni. Màmá ń bá a lọ, ó ń pè wọ́n, ó ń mí láàárín wọn. Méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ méje yẹn ti ní orúkọ kí wọ́n tó kú. Àwọn yòókù, òun fúnra rẹ̀ ló ti jókòó wá orúkọ fún wọn láti oṣù tó kọjá. Nígbà tó pe méjèèje tán, kò sí ẹni tó ṣe àmín. Dúrósinmí fi ọwọ́ bo ojú.

Màmá yíjú sí mi. "Ìyàwó," ló wí, "mo ṣẹ ọmọbìnrin yẹn náà. Mo fẹ́ pè é mọ́ wọn. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ẹ̀yin náà gbọ́ bí mo ṣe sọ pé ọmọ mi kì í ṣe omi. Mo bínú nítorí rẹ̀, mo jà nítorí rẹ̀, mo gbé ẹkún rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, mo gbé e padà wá sílé. Ó kú kí ọjọ́ orúkọ rẹ̀ tó pé, àṣà ò sì ní kí n sọ ọ́, mo sì ti gbé gbogbo àkókò yìí láìbi ara mi léèrè ohun tí mò ń pè é.

"Mi ò sọ ọ́ lórúkọ, Màmá."

Olúwaṣèyífúnmi ta lórí ẹsẹ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹnì kan sì nawọ́ láti gbà á. Mò ń wá orúkọ tó bá ojú ọmọbìnrin mi mu, ojú tí mi ò wò tó nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí pé Màmá á rí i. Màmá ò jókòó. Ó di ẹ̀yìn àga mú, ó ní kò sí ìkánjú, òun á dúró.